Cluster PostgreSQL lórí sáfà mẹ́ta (Kàbbà, Ìsánlú, Lọ́kọ́ja): lídà ń yí padà lálaalẹ́, patronictl ò sì gba àtúnṣe

OmoOwe_Kabba

Okun o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́.

Cluster PostgreSQL 16 kan (ibi ìpamọ́ dátà kan náà lórí sáfà mélòó kan), orúkọ rẹ̀ `alajesekun`, ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Patroni 3.3 ló ń darí rẹ̀ (patronictl ni àṣẹ tá a fi ń bá a sọ̀rọ̀), etcd 3.5, níbi tí Patroni ń kọ ipò lídà àti ìṣètò sí, sì wà lórí sáfà kọ̀ọ̀kan. Sáfà mẹ́ta ni: kb1 ní Kàbbà, is1 ní Ìsánlú, lk1 ní Lọ́kọ́ja. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù la fi so wọ́n pọ̀, VPN wà láàárín wọn. Dátà inú rẹ̀ tó GB 40. Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò.

Àkọ́kọ́: `max_connections`, iye ìsopọ̀ tí Postgres lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, wà ní 100, a fẹ́ ẹ ní 300. Mo yí i lábẹ́ `bootstrap` nínú `/etc/patroni/patroni.yml` lórí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ṣe `patronictl reload`. `SHOW max_connections` ṣì ń sọ 100.

Èkejì: láti nǹkan bí aago méje alẹ́, kb1 á kàn fi ipò lídà sílẹ̀ (lídà ni sáfà tí ń gba àkọsílẹ̀, àwọn replica ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀). Kì í ṣe iná ló lọ, íńfátà gbé e dáadáa. Ohun tí log ń kọ nìyí:

```
demoting self because DCS is not accessible and I was a leader
```

Ẹ̀kẹta: is1 ò dìde mọ́.

```
| Member | Host       | Role    | State        | TL | Lag in MB |
| is1    | 10.20.2.11 | Replica | start failed |    |   unknown |
| kb1    | 10.20.1.11 | Leader  | running      | 14 |           |
| lk1    | 10.20.3.11 | Replica | streaming    | 14 |         0 |
```

Ṣé kí n ṣe `systemctl restart postgresql` lórí is1 ná, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

---

Yagba_DBA

Ẹ fi `systemctl restart postgresql` sílẹ̀ pátápátá. Níwọ̀n ìgbà tí Patroni ti gba cluster yẹn, òun nìkan ló ń tan Postgres, òun ló ń pa á, òun ló sì ń sọ ẹni tó máa ṣe lídà. Tí systemd bá tún ń dá sí i, ọ̀gá méjì ló wà lórí ọmọ iṣẹ́ kan. Ẹ wò ó lórí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

```
systemctl is-enabled postgresql patroni etcd
```

Tí ti `postgresql` bá jẹ́ `enabled`, ẹ `disable` rẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé tí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, tí sáfà wá dìde lóru, service yẹn lè jí Postgres ṣáájú Patroni. kb1 á wá máa gba àkọsílẹ̀ bíi lídà, nígbà tí lk1 ti di lídà ní tòótọ́.

Lórí `max_connections`: ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá cluster sílẹ̀ nìkan ni Patroni ń ka abala `bootstrap`. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, bó o yí i ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò ní yà sí i. Inú etcd ni ìṣètò gbogbogbòò ń gbé, patronictl lo sì fi ń dé ibẹ̀. Àwọn nǹkan kan tiẹ̀ wà tí Patroni ò ní gbà láti inú fáìlì rárá, abala yòówù kó o kọ wọ́n sí: `max_connections`, `max_worker_processes`, `max_locks_per_transaction`, `max_prepared_transactions`, `wal_level` àti `track_commit_timestamp`.

Kí o má bàa máa kọ `-c` ní gbogbo ìgbà, kọ́kọ́ sọ ibi tí fáìlì wà fún un, lẹ́yìn náà wo ohun tó wà nínú etcd kí o tó yí i:

```
export PATRONICTL_CONFIG_FILE=/etc/patroni/patroni.yml
patronictl show-config alajesekun
patronictl edit-config alajesekun -p max_connections=300
```

Á fi ìyàtọ̀ hàn ọ́, ìlà tí ń kúrò ní `-`, èyí tí ń wọlé ní `+`, á sì béèrè bóyá kó ṣe é. Fara balẹ̀ kà á kí o tó tẹ `y`. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú-àáyá 10, `patronictl list` á fi òpó kan kún un tí ń jẹ́ `Pending restart`, pẹ̀lú ìràwọ̀ níwájú ẹni tó kàn. Iye yẹn ò ní ṣiṣẹ́ láìtún Postgres tàn. Replica ni kó ṣáájú, kí lídà tẹ̀ lé e:

```
patronictl restart alajesekun lk1
patronictl restart alajesekun kb1
```

Ìdí tá a fi ń tò ó báyìí: replica ò gbọ́dọ̀ ní iye tó kéré sí ti lídà. Tí kb1 bá kọ́kọ́ di 300, tí lk1 ṣì wà ní 100, lk1 á dá ìkàwé WAL (àkọsílẹ̀ gbogbo ìyípadà tí lídà ń fi ránṣẹ́) dúró nígbà tí ìyípadà yẹn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dátà rẹ̀ á sì máa jìnnà sẹ́yìn ti lídà. Tó bá jẹ́ pé ńṣe là ń dín iye kù ni, lídà ló máa ṣáájú.

Àmọ́ kí ni alájẹṣẹ́kù fẹ́ fi ìsopọ̀ 300 ṣe? Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Postgres ń ya process tirẹ̀ fún, `work_mem` tó jẹ́ 4MB sì lè di ìlọ́po mélòó kan nínú ìbéèrè kan ṣoṣo. Èmi á fi PgBouncer, tí ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oníbàárà pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò, síwájú rẹ̀, `pool_mode = transaction`, `max_client_conn = 500`, `default_pool_size = 20`, kí Postgres fúnra rẹ̀ wà ní 100 tó wà. Ẹ kàn wò ó bóyá áàpù yín ò gbára lé nǹkan tí ń dúró kọjá transaction kan, bíi `LISTEN` tàbí `SET`, torí ibẹ̀ ló ti máa ń já.

Ẹ fi ohun tí log Postgres ti is1 ń sọ hàn wá. `start failed` nìkan ò tó láti fi dájọ́.

---

AuntyEtcd_Ijumu

Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀kejì.

Ohun tí log yẹn ń sọ ni pé kb1 ò rí etcd bá sọ̀rọ̀ (etcd ni ó ń pè ní DCS). Patroni ń tún ipò lídà ṣe nínú etcd ní gbogbo `loop_wait`, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 10. Tí etcd ò bá dáhùn títí `retry_timeout` fi kọjá, òun náà 10, kb1 ò mọ̀ bóyá àwọn tó kù ti yan ẹlòmíràn. Kí lídà méjì má bàa wà, á sọ ara rẹ̀ di replica. Kò sí àléébù níbẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn etcd ni kí ẹ ti wá ìdí.

Etcd mẹ́ta nílò ìbò méjì. Tí kb1 bá wà lóun nìkan fún ìgbà díẹ̀, ìbò kan ló ní. Nǹkan méjì ló sábà máa ń fa ìyẹn, ẹ má pa wọ́n pọ̀, torí ìwòsàn wọn yàtọ̀.

Ó lè jẹ́ líńkì. Bí etcd ṣe dé, ó ń fi `heartbeat-interval` 100 ms àti `election-timeout` 1000 ms ṣiṣẹ́. Iye yẹn wà fún sáfà tó jọ wà nínú yàrá kan. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, nírọ̀lẹ́ tí gbogbo ìlú bá wà lórí ayélujára, ping lè gùn débi pé àwọn tó kù á rò pé ẹni tí ń ṣáájú ti kú, wọ́n á tún dìbò. Ẹ ṣe èyí ní ọ̀sán, kí ẹ tún ṣe é lálẹ́:

```
etcdctl endpoint status --cluster -w table
ping -c 100 10.20.3.11
```

Ẹ wo òpó `RAFT TERM`. Tí nọ́ńbà yẹn bá ń gòkè láàárín wákàtí kan, ìdìbò ń ṣẹlẹ̀.

Ó sì lè jẹ́ dísíìkì. Etcd gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sórí dísíìkì kó tó dáhùn. Tó bá jẹ́ pé `pg_dump`, ìyẹn bákọ́ọ̀pù, ń sáré lálẹ́ lórí dísíìkì kan náà, pàápàá tí kì í bá ṣe SSD, etcd á máa dúró de ọ̀nà. Log etcd á máa kọ `slow fdatasync` tàbí `apply request took too long`. Nínú metrics rẹ̀, `etcd_disk_wal_fsync_duration_seconds` ni kí ẹ wò: ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ kó wà lábẹ́ 10 ms. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí etcd ní SSD tirẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, tàbí kí ẹ sún bákọ́ọ̀pù sí ààjìn.

Ẹ wò ó kí ẹ tó yí ohunkóhun.

---

OmoOwe_Kabba

Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n náà, ẹ ṣé o. `Postgresql` wà ní `enabled` lórí is1 nìkan, mo ti pa á.

Líńkì ni o. Lọ́sàn-án, láti kb1 dé lk1 jẹ́ nǹkan bí 60 ms. Lálẹ́, ó ń dé 700 ms, pákẹ́ẹ̀tì kan sì ń sọnù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. `RAFT TERM` ń gòkè. Kò sí `slow fdatasync` nínú log kankan.

Log is1 sọ pé:

```
PANIC: could not locate a valid checkpoint record
```

Ìsánlú ni iná ti ń ṣe ségesège jù, íńfátà ibẹ̀ ò sì lágbára. Ṣé `patronictl reinit` ló kàn? Ṣé kí n kọ́kọ́ ṣe `pause`?

---

AuntyEtcd_Ijumu

Tó bá jẹ́ líńkì, ẹ gbé iye etcd sókè. Òfin rẹ̀ ni pé kí heartbeat sún mọ́ ìgbà tí pákẹ́ẹ̀tì fi ń lọ tó sì ń bọ̀, kí election jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ ó kéré tán. Fún 700 ms, èmi á fi:

```
ETCD_HEARTBEAT_INTERVAL=700
ETCD_ELECTION_TIMEOUT=7000
```

Kó rí bákan náà lórí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ tún etcd tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa dúró kí `etcdctl endpoint health --cluster` sọ pé ara dá kí ẹ tó kan èkejì. Tí ẹ bá pa méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìbò ò pé mọ́, kb1 á sì fi ipò sílẹ̀ lójú yín.

Lẹ́yìn náà ni ti Patroni, torí ìdìbò etcd tí ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 7 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ `retry_timeout` 10 tán:

```
patronictl edit-config alajesekun -s ttl=60 -s retry_timeout=20 -s failsafe_mode=true
```

Ìṣirò tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: `loop_wait` pẹ̀lú ìlọ́po méjì `retry_timeout` kò gbọ́dọ̀ ju `ttl` lọ. 10 + 40 = 50, ó wà lábẹ́ 60. Ohun tí ẹ máa san fún un ni pé tí kb1 bá kú lóòótọ́, ó lè tó ìṣẹ́jú kan kí ẹlòmíràn tó gba ipò. Fún ìwé owó alájẹṣẹ́kù, èyí ò burú.

`failsafe_mode` ti wà láti Patroni 3.0. Tí etcd bá ṣú, lídà á bi gbogbo sáfà tó kù ní tààràtà lórí pọ́ọ̀tù 8008. Tí gbogbo wọn bá dáhùn, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Mo ní gbogbo wọn. Tí Kàbbà bá já kúrò lára Lọ́kọ́ja pátápátá, failsafe ò ní ràn yín lọ́wọ́, kò sì yẹ kó ràn yín lọ́wọ́.

---

Yagba_DBA

Pẹ̀lú PANIC yẹn, dátà is1 ti bàjẹ́. Ẹ má lo `pg_resetwal` (èyí tí ń sọ WAL nù kí Postgres lè dìde) o, kódà tí ẹnikẹ́ni bá dá a lábàá fún replica. Lídà wà, ara rẹ̀ sì dá, kí ni a fẹ́ fi dátà tó já sọ́nà ṣe? `reinit` ló kàn lóòótọ́:

```
patronictl reinit alajesekun is1
```

Á nu data directory ti is1 nù, á sì fi `pg_basebackup` kó gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ lídà. Ka orúkọ tó o kọ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó tẹ `y`. Kò nílò `pause`. Kódà, `pause` ń pa ìgbàpò aládàáṣiṣẹ́: tí Postgres kb1 bá kú nígbà yẹn, Patroni á kàn máa wò ó. Tẹ́nì kan bá ṣe é tó gbàgbé, `list` á máa kọ `Maintenance mode: on` nísàlẹ̀, `patronictl resume` ló ń mú un kúrò.

Ìṣòro ibẹ̀ ni líńkì. GB 40 lórí ọ̀nà tó ń gbé 10 Mb/s jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 9, bí kò bá já rárá. Tó bá já ní wákàtí kẹjọ, `pg_basebackup` ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a lọ látibi tó dé. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni. Á sì gba gbogbo líńkì mọ́ etcd lọ́wọ́ nígbà tó bá ń lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é báyẹn ṣá, ẹ fi `max-rate` sábẹ́ `basebackup` nínú abala `postgresql` ti fáìlì is1, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láàjìn.

Èmi o, ńṣe ni màá gbé sáfà is1 sínú ọkọ̀ wá sí Kàbbà. Lórí wáyà 1 Gb/s pẹ̀lú SSD, GB 40 jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 sí 10. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta.

WAL ni àkọ́kọ́. Tí is1 bá kúrò lójú Patroni 3.3, slot rẹ̀ lórí kb1 (ohun tí ń jẹ́ kí kb1 tọ́jú WAL dè é) á parẹ́ nígbà tí `ttl` bá pé, kb1 á sì lè pa WAL tí is1 ṣì nílò rẹ́ kó tó padà dé Ìsánlú. Ẹ fi slot tí kì í parẹ́ sí i kí ẹ tó gbéra, àti ààlà kí `pg_wal` má bàa kún dísíìkì:

```
slots:
  is1:
    type: physical
postgresql:
  parameters:
    max_slot_wal_keep_size: 10GB
```

Inú `edit-config` ni ìyẹn ń lọ. Tí ààlà yẹn ò bá sí, -1 ni, ìyẹn ni pé kò sí òpin. Ẹ máa wò ó lórí kb1:

```
SELECT slot_name, active, wal_status,
pg_size_pretty(pg_wal_lsn_diff(pg_current_wal_lsn(), restart_lsn))
FROM pg_replication_slots;
```

Tí `wal_status` bá ti di `lost`, ẹ má wulẹ̀ retí pé á lé bá; `reinit` mìíràn ló kàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, àdírẹ́sì. Tí IP is1 bá yí nígbà tó wà ní Kàbbà, `connect_address` inú patroni.yml gbọ́dọ̀ yí, ti etcd náà pẹ̀lú `etcdctl member update`. Tó bá jẹ́ pé orí sáfà fúnra rẹ̀ ni VPN wà, àdírẹ́sì ò ní yí, ẹ ti bọ́.

Ìbò ló kù. Ní gbogbo ìgbà tí is1 bá fi wà lójú ọ̀nà, etcd méjì péré ló kù. Tí líńkì kb1 àti lk1 bá já nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣe lídà. Torí náà, òwúrọ̀ ni kí ẹ rìn ín, kó tó di aago méje alẹ́ tí ẹ sọ yẹn. Kí is1 sì ní íńfátà gidi kó tó padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ PANIC yẹn á tún dé.

---

OmoBunu_Lokoja

Ẹ̀gbọ́n Yàgbà ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Nǹkan kan ni ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà: owó ni dátà yìí. Bí cluster yín ṣe wà báyìí, lídà máa ń dáhùn "ó ti wọlé" fún áàpù kí lk1 tó rí i. Tí kb1 bá kú, lk1 lè gba ipò tí kò bá fi ju `maximum_lag_on_failover` lọ sẹ́yìn, ìyẹn 1048576 byte. MB kan ti ìdáwó ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ fi kún un:

```
patronictl edit-config alajesekun -s synchronous_mode=true
```

Lẹ́yìn rẹ̀, lídà á máa dúró kí replica kan gbà á kó tó dáhùn, `list` á kọ `Sync Standby` síwájú ẹni tí Patroni bá mú, òun nìkan ló sì lè gba ipò. Mo fẹ́ kó jẹ́ lk1. Torí náà nínú patroni.yml ti is1, kì í ṣe nínú etcd, ẹ kọ èyí, kí ẹ sì ṣe `patronictl reload alajesekun is1`:

```
tags:
  nofailover: true
  nosync: true
```

Tag wà lára ohun tó ṣì ń gbé inú fáìlì sáfà kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé lídà kúrò ní Kàbbà nígbà tí ẹ bá ń tún nǹkan ṣe níbẹ̀, `switchover` ni, kì í ṣe `failover`:

```
patronictl switchover alajesekun --leader kb1 --candidate lk1
```

`failover` wà fún ìgbà tí kò bá sí lídà mọ́.

---

AuntyEtcd_Ijumu

OmoBunu, mo gbà pé owó ni, àmọ́ ẹ sọ ohun tó ń ná wọn. Pẹ̀lú 700 ms lálẹ́, COMMIT kọ̀ọ̀kan á máa dúró tó bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tó ń fi áàpù gba owó á rò pé ó ti kú, á tún un tẹ̀, owó kan á wọlé lẹ́ẹ̀mejì tí áàpù ò bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan.

---

OmoBunu_Lokoja

Ẹ fi `UNIQUE` sórí nọ́ńbà rìsíìtì, títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ò ní ṣe nǹkan kan. Tí lk1 bá sì já pátápátá, Patroni á yọ ọ́ kúrò nípò sync fúnra rẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ, àyàfi tí ẹ bá tan `synchronous_mode_strict`. Ẹ má tan ìyẹn lórí líńkì báyìí.

---

AuntyEtcd_Ijumu

Tí `UNIQUE` bá wà, mo fara mọ́ ọn. OmoOwe, ẹ kọ́kọ́ yanjú ti etcd, kí ẹ ṣọ́ ọ fún alẹ́ mélòó kan, kí `RAFT TERM` dúró sójú kan. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé is1, kí ẹ wá tan sync gbẹ̀yìn. `patronictl history alajesekun` á fi gbogbo ìgbà tí lídà ti yí padà hàn yín, ìlà kan fún timeline kọ̀ọ̀kan (nọ́ńbà `TL` tí ń gòkè bí lídà bá yí), pẹ̀lú àkókò. Ẹ fi wé wákàtí tí ping ń gùn.